Èdè Kan, Àpótí Ìbò Púpọ̀: Kí Ló Dé Tí Àwọn Ìlú Yorùbá Ilẹ̀ Benin Kì Í Dìbò Bákan Náà?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó ní Kútọnu, kí ó rin Missèbo já ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Láàárín ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrù aṣọ òkìrìkà àti ibi tí wọ́n ti ń na àǹkárá àti léèsì fún oníbàárà wò, yóò gbọ́ ohùn Kétu, yóò gbọ́ ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Ìdáàṣà, ti Pobè àti ti Sakété. Yóò sì gbọ́ ti Ọ̀yọ́ àti ti Ìjẹ̀bú tó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Ohùn lè yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn yé ara wọn. Wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn dá èsúsú, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun.

Síbẹ̀, nígbàkúgbà tí àbájáde ìdìbò bá jáde, ìbéèrè kan náà a tún gbérí: bí a bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, kí ló dé tí ìbò wa kì í lọ sí ibì kan náà? Kí ló dé tí ìlú Yorùbá kan fi ń tẹ̀lé ọmọ Àjàṣẹ́, tí èkejì ń bá àwọn ará Àríwá lọ, tí ẹ̀kẹta sì ń dá ti tirẹ̀ ṣe? Ìbéèrè náà kì í pẹ́ di èébú. Wọ́n á ní ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí kò dìbò fún ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní ará ìlú báyìí ti gba owó jẹ. Àwa gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdáhùn tó sàn ju èébú lọ, ìdáhùn náà sì wà nínú ìtàn tí a lè tọ́ka sí. Èdè kì í dìbò. Ènìyàn ní ń dìbò, ènìyàn sì ní ìlú, ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sọ́jà, ó ní ìrántí ogun, ó sì ní aṣáájú tí ó ti ràn án lọ́wọ́ rí tàbí tí ó ti já a kulẹ̀ rí.

Àgbàlá mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn ní ilẹ̀ Benin, bí 12 ni Yorùbá àti àwọn tó bá wọn tan. Àwọn Fọn àti ìbátan wọn lé ní 38. Èyí nìkan ti yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Nàìjíríà, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó mẹ́ta tí orílẹ̀-èdè dúró lé. Ní Benin, ẹni tí ó bá kó gbogbo ìbò Yorùbá jọ pátápátá láìku ẹyọ kan kò tíì lè di ààrẹ. Dandan ni kí ó bá ẹlòmíràn ṣe àdéhùn.

Lẹ́yìn èyí ni ìlà tí ìjọba fà sórí ilẹ̀. Títí di ọdún 1999, ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré ni Benin ní, àwọn tí a ń pè ní département ní èdè Faransé: Atacora, Atlantique, Borgou, Mono, Ouémé àti Zou. Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè wà nínú Ouémé, tí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, jẹ́ orí rẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà àti Bantè wà nínú Zou, tí Àgbómẹ̀ jẹ́ orí rẹ̀. Tchaourou, níbi tí àwọn tó ń sọ Nàgó ti ń bá àwọn Bàrìbá gbé, wà nínú Borgou, tí Parakou jẹ́ orí rẹ̀. Ilé kan ni wọ́n ti jáde, àgbàlá mẹ́ta ni ìjọba há wọn sí.

Ẹni tó bá ń wá ìwé ìbí, ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí ọ̀nà ọ̀dà, orí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni yóò lọ. Ojú irin pàápàá tẹ̀lé ìlà yẹn. Ọ̀kan gba Sakété dé Pobè láti Àjàṣẹ́, ó sì ń kó epo pupa àti èkùrọ́ sọ̀kalẹ̀. Èkejì kúrò ní Kútọnu, ó gba Bohicon, Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou kọjá dé Parakou. Oníṣòwò Pobè mọ Àjàṣẹ́ bí ẹni mọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Oníṣòwò Ṣábẹ̀ẹ́ mọ Bohicon àti Parakou. Kí wá ló lè mú kí àwọn méjèèjì ní aṣáájú òṣèlú kan náà?

Lọ́dún 1999, òfin sọ ìpínlẹ̀ mẹ́fà di 12. Plateau jáde lára Ouémé, Collines sì jáde lára Zou. Nísinsìnyí, ìlú Yorùbá púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àṣà tó ti pẹ́ kì í bá àyípadà ìwé òfin parẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìrántí ogun àti orúkọ mẹ́ta

Lọ́dún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì wó Kétu. Wọ́n sun ìlú náà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni Kétu tó tún ìlú dó. Títí di òní, ẹni tó bá lọ wo ẹnu-bodè Akaba Idena ń wo ohun tó ṣẹ́kù lára odi ìlú tí ogun náà bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Àjàṣẹ́ ti ń bẹ̀rù Dàhómì. Ìdí nìyẹn tí ọba wọn, Toffa, fi fọwọ́ so pọ̀ mọ́ àwọn Faransé. Nítorí náà, Nàgó ìhà Kétu àti Gun Àjàṣẹ́ kò sọ èdè kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rù kan náà, wọ́n sì ní ọjà kan náà. Ẹ̀rù àti ọjà máa ń so ènìyàn pọ̀ ju èdè lọ nígbà mìíràn.

Nígbà tí ìdìbò dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orí ilẹ̀ tí a ti ro sílẹ̀ báyìí ni àwọn olóṣèlú gbin irúgbìn wọn sí. Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris láti ọdún 1945. Lọ́dún 1951 ó dá ẹgbẹ́ PRD, Parti Républicain du Dahomey, sílẹ̀. Hubert Maga di aṣáájú Àríwá. Justin Ahomadegbé, tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé ọba Àgbómẹ̀, di aṣáájú àárín gbùngbùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ UDD. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn bá Apithy lọ. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò sọ pé wọ́n fi ìbò wọn fún àjèjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí i pé wọ́n fi í fún aládùúgbò tí wọ́n jọ sá fún ogun kan náà.

Agbára orúkọ mẹ́ta yìí hàn gbangba lọ́dún 1968. Àwọn ológun tí wọ́n ń ṣàkóso kò jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díje, àwọn náà sì ní kí àwọn ènìyàn wọn má ṣe dìbò. Ìdá 26 péré nínú 100 òǹdìbò ni ó jáde. Basile Adjou Moumouni borí pẹ̀lú ìdá 84, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ìdìbò náà. Lọ́dún 1970, nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díje, tí wàhálà sì bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará ìhà Apithy halẹ̀ pé àwọn yóò kó Gúúsù-Ìlà-Oòrùn wọ Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni Ìgbìmọ̀ Ààrẹ tí àwọn mẹ́ta yóò máa fi ipò ààrẹ lé ara wọn lọ́wọ́ ní ọdún méjì-méjì. Maga ṣe tirẹ̀, ó fi lé Ahomadegbé lọ́wọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1972; ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, Mathieu Kérékou gba ìjọba. Kò kan Apithy mọ́.

Ọ̀tá àná, alábàáṣe òní

Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 dá ìdìbò ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ padà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá àtijọ́ ti Apithy. Agbẹjọ́rò Adrien Houngbédji, ọmọ Àjàṣẹ́, dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ó sì pè é ní Parti du Renouveau Démocratique. Ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ni PRD, lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn bàbá àwọn òǹdìbò náà ti mọ̀ láti ọdún 1951.

Lọ́dún 1991, Gúúsù, tí Ouémé wà lára rẹ̀, gbé Nicéphore Soglo wọlé lórí Kérékou. Lọ́dún 1996, àwọn méjèèjì tún pàdé. Ní ìpele àkọ́kọ́, Soglo ní ìdá 35.69, Kérékou ní 33.94, Houngbédji ní 19.71. Bẹ́ẹ̀, Houngbédji yìí ni wọ́n dájọ́ ikú fún láìsí níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba Kérékou lọ́dún 1975, lẹ́yìn tó ti sá kúrò lẹ́wọ̀n. Ta ni ìbá gbà pé yóò ní kí àwọn ènìyàn òun dìbò fún Kérékou? Ó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹdìbò Ouémé sì gbọ́ tirẹ̀. Kérékou borí pẹ̀lú ìdá 52.49, Houngbédji sì di olórí àwọn mínísítà.

Ẹni tó bá wo Sakété tàbí Pobè láti òkèèrè yóò ní àwọn ènìyàn náà yí padà láàárín ọdún márùn-ún. Ní tòótọ́, wọn kò kúrò lójú kan. Lẹ́yìn aṣáájú wọn ni wọ́n wà; aṣáájú ni ó ṣí kúrò níbi tó wà. Èyí ni ìdí àkọ́kọ́ tí ìbò ìlú kan fi lè ya ará ìta lẹ́nu: kì í ṣe ìgbà gbogbo ni òǹdìbò ń yan olùdíje. Nígbà mìíràn, ẹni tí yóò bá òun yan olùdíje ni ó ń yàn.

Ọmọ wa tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ

Àwọn kan yóò ní: "Ìgbà yẹn, kò sí ọmọ wa nínú ìdíje ni." Ó wà. Lọ́dún 1997, Séfou Fagbohoun, oníṣòwò ńlá ọmọ Adja-Ouèrè, dá ẹgbẹ́ MADEP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì bá PRD pín ìbò Plateau. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, Antoine Kolawolé Idji, ọmọ agbègbè Kétu, di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lọ́dún 2003. Nígbà tí Idji díje fún ipò ààrẹ lọ́dún 2006, ìdá 3 àti díẹ̀ ni ó rí gbà. Yorùbá jẹ́ 12 nínú 100; níbo ni àwọn yòókù gbà lọ?

Ọ̀pọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa mìíràn, àwọn kan sì dúró ti Houngbédji. Boni Yayi, ọmọ Tchaourou tó gbọ́ Nàgó dáadáa, ti jẹ́ olórí báńkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, BOAD, ní Lomé láti ọdún 1994. Ó ní ìdá 35.78 ní ìpele àkọ́kọ́, ó sì fi ìdá 74.52 borí Houngbédji ní ìpele kejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìbò Yorùbá ló gbé e débẹ̀. Ìdá 12 kò lè di ìdá 74. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé òfin kò jẹ́ kí Kérékou àti Soglo díje mọ́, pé kò sí àgbàlá àtijọ́ kankan tó lè sọ pé òun ni ó bí i, àti pé Bruno Amoussou, Lehady Soglo àti Idji fúnra rẹ̀ kọjú sí i ní ìpele kejì. Ará Mono, ará Àgbómẹ̀ àti ará Àríwá rí i bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀tá wọn. Ẹni tí ó bá gbé àsíá Yorùbá nìkan kì bá tí dé ibẹ̀.

Kì í ṣe ilé wa nìkan

Kí a má baà rò pé àbùkù Benin ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo òkè odò. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbogbo ayé ni ó mọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, mọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC ti Nnamdi Azikiwe ni ó ní ìjókòó jù ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbàdàn, ìlú Yorùbá tó tóbi jù nígbà náà, wà lẹ́yìn Adégòkè Adélabú, alábàáṣe Azikiwe. Kì í ṣe pé àwọn ará Ìbàdàn gbàgbé Oòduà. Ọ̀pọ̀ wọn ka Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sí ẹgbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ àti òwò láàárín ìgboro. Onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, David Laitin, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1986 pé nínú òṣèlú Yorùbá, ìlú tí bàbá ẹni ti wá máa ń lágbára ju ẹ̀sìn lọ. Musulumi Ìbàdàn àti Onígbàgbọ́ Ìbàdàn lè wà nínú ẹgbẹ́ kan. Musulumi Ìbàdàn àti Musulumi Ìjẹ̀bú lè máà wà.

Lọ́dún 1999, Yorùbá méjì ni ó díje fún ipò ààrẹ Nàìjíríà. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ìdá 62.78 borí Olú Fálàè, ṣùgbọ́n ó pàdánù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Ògùn tí ó jẹ́ ilé rẹ̀ kò sì yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2023, Bọ́lá Tinúbú di ààrẹ, síbẹ̀ Atiku Abubakar borí rẹ̀ ní Ọ̀ṣun, Peter Obi sì borí rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606. Àwọn Haúsá náà ti ṣe irú rẹ̀: ní oṣù kẹfà ọdún 1993, MKO Abíọ́lá borí Bashir Tofa ní Kano, ìlú Tofa fúnra rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń tẹ̀lé òṣèlú rẹ̀ lórí fóònù, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Kentucky tí ń jẹ́ Elliott. Aláwọ̀ funfun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn ará ibẹ̀, ìgbèríko sì ni, irú ibi tí ẹgbẹ́ Republican ti ń rí ìbò púpọ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 1872 títí dé 2012, Democrat ni wọ́n dìbò fún nínú gbogbo ìdìbò ààrẹ. Ìdílé ń jogún ẹgbẹ́ bí a ti ń jogún oko. Lọ́dún 2016 wọ́n já okùn náà, wọ́n sì dìbò fún Donald Trump. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Starr ní Texas, lẹ́bàá ẹnubodè Mexico, níbi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ìran Mexico, Republican kankan kò borí nínú ìdìbò ààrẹ láti ọdún 1892 títí di ọdún 2024, tí Trump borí níbẹ̀. Ẹni tí ó fi àwọ̀ tàbí èdè nìkan ka ìwé ìbò àwọn ibi méjèèjì yóò ṣì í kà.

Ìwádìí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni ti Daniel Posner, tí ó jáde lọ́dún 2004. Àwọn Chewa àti Tumbuka wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè Malawi àti Zambia. Ènìyàn kan náà, èdè kan náà, àṣà kan náà. Ní Malawi, wọ́n ń du òṣèlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní Zambia, alábàáṣe ni wọ́n. Ohun tó fà á ni iye. Ní Malawi, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pọ̀ tó láti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ní Zambia, wọ́n kéré jù, nítorí náà wọ́n di ará Ìlà-Oòrùn papọ̀. Ẹ fi èyí wo Nàgó àti Gun: bí a bá kéré, aládùúgbò a di ẹbí.

Ohun tí ìlérí ń ṣe

Ọmọ Benin kan, Léonard Wantchekon, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, tí ó sì dá African School of Economics sílẹ̀ nílé, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí ṣáájú ìdìbò ààrẹ ọdún 2001. Àwọn olùdíje gidi àti ẹgbẹ́ wọn gbà fún un láti dán ìpolongo wò ní abúlé 20. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n sọ̀rọ̀ ohun tí abúlé náà fúnra rẹ̀ yóò rí gbà, bí iṣẹ́ ìjọba àti ìrànlọ́wọ́ owó. Ní àwọn mìíràn, wọ́n sọ̀rọ̀ ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, bí ẹ̀kọ́, ìlera àti ìṣọ̀kan. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2003: ìlérí "tiwa-n-tiwa" ṣiṣẹ́ fún gbogbo irú olùdíje, ó sì ṣiṣẹ́ jù fún ẹni tó wà lórí oyè àti fún olùdíje tó ní agbègbè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fẹ́ràn ìlérí tó kan gbogbo ènìyàn ju bí àwọn ọkùnrin ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Missèbo, ẹ kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó yé yín. Iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ṣèlérí fún ìlú, ọmọkùnrin kan ni yóò gbà á. Ilé ìwòsàn àti ọ̀nà tó dára, gbogbo ilé ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìwádìí náà kọ́ wa ní ìdí kejì: ìlú kan lè dìbò fún àjèjì nítorí pé àjèjì náà ni ó wà níbi tí ọwọ́ ti ń kan oúnjẹ. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ìṣirò ẹni tí ebi ń pa ni, ó sì yẹ kí a yí ohun tó fa ìṣirò náà padà kí a tó bú ẹni tó ṣe é.

Òfin tuntun àti ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀

Lónìí, òfin kò fẹ́ ẹgbẹ́ àgbàlá kan mọ́. Òfin ọdún 2018 lórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olùdásílẹ̀ 15 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 77 tí a ní. Ìyẹn 1,155 ènìyàn. Òfin ìdìbò tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024 ní kí ẹgbẹ́ tó ń wá ìjókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ìdá 20 nínú ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, gbogbo 24, àyàfi bí ó bá bá ẹgbẹ́ mìíràn wọ àdéhùn lábẹ́ ìlànà tí òfin là sílẹ̀. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ Yorùbá kò lè sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Fọn tàbí ti Bàrìbá. Àwọn kan ní èyí yóò so orílẹ̀-èdè pọ̀. Àwọn mìíràn ní yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn alátakò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni a ń gbọ́ ní ọjà wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ sí èrò rẹ̀.

Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá rò pé a ti gba ọ̀nà ìbò lọ́wọ́ wọn, ojú pópó ni ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré, tí méjèèjì wà lẹ́yìn ìjọba, ni ó kópa nínú ìdìbò aṣòfin. Bí ìdá 27 òǹdìbò ni ó jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò ààrẹ, wọ́n dí ọ̀nà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ológun wá ṣí i, ìbọn dún, ẹ̀mí sì sọnù. Àwọn ọmọ ìyá tiwa ni ó sùn sí ojú ọ̀nà ọ̀dà yẹn. Ní ìhà Plateau, tí èdè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ṣábẹ̀ẹ́, irú iná bẹ́ẹ̀ kò jó. Àwọn kan tún fi èyí bú wọn. Wọ́n gbàgbé pé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou wà lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì fẹ́ràn aṣáájú kan náà. Plateau ní ọ̀nà mìíràn àti ìrántí mìíràn.

Kí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ mú lọ sílé?

Àkọ́kọ́, nígbà tí àbájáde bá jáde, ẹ má ṣe wo àpapọ̀ nìkan. Ẹ wo ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé Kétu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pobè, kí ẹ gbé Ṣábẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdáàṣà, kí ẹ sì fi ti ìdìbò tó ṣáájú wé e. Níbi tí iye bá ti yí padà lójijì, ẹ béèrè ẹni tó bá ta ni wọ àdéhùn. Níbi tí kò bá ti yí padà fún ọdún púpọ̀, ẹ béèrè ohun tí àwọn bàbá ibẹ̀ rí.

Ìkejì, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Àwọn tó dìbò lọ́dún 1970 ṣì wà nínú ilé wa. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi bá Apithy lọ tàbí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ìtàn tí a kò bá kọ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó fún ìjà ni yóò sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Ìkẹta, bí olùdíje bá dé tí ó ń ki oríkì yín, tí ó ń sọ Nàgó tó dùn bí oyin, ẹ gbọ́ oríkì náà, kí inú yín sì dùn sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè omi, ilé ìwé, owó orí ọjà àti ẹ̀tọ́ alátakò láti díje. Kí ẹ bi ẹni tí kò gbọ́ èdè yín ní ìbéèrè kan náà. Èdè ń mú ẹni wọlé; iṣẹ́ ni ó yẹ kó jẹ́ kó jókòó.

Àwa tí a wà ní Missèbo ní ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọn kì í dìbò bákan náà ń jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wọ́n ń bá ara wọn ṣẹ́ owó, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣọ́ ọjà nígbà tí ọ̀kan bá lọ kírun tàbí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan náà kò wọ inú àpótí ìbò. Kí olúkúlùkù mọ ìdí tí ó fi gba ọ̀nà tirẹ̀, kí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀ láìbú u, kí gbogbo wa sì padà sílé láìfarapa.